Àrokò Tí Ó Fọhùn

Kí ìwé kíkọ tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú. Ẹni tí ó bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ ti sọ fún un pé ọkàn òun fà sí i. Ẹni tí ó gbé àrokò náà dání lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àrokò fúnra rẹ̀ kò sì lẹ́nu tí yóò fi ròyìn bí ilé ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ti rí. Ọ̀tọ̀ ni ti ènìyàn. Ìjọba tí ó bá fi ènìyàn ṣe àrokò, kí ó mọ̀ pé àrokò náà lè fọhùn. Ojú yìí ni mo fẹ́ fi wo ìrìnàjò àwọn olórin jáàsì tí ìjọba Amẹ́ríkà rán jáde ní nǹkan bí ọdún 1956 sí 1961.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń du ọkàn àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba òmìnira ní Áfíríkà àti Éṣíà. Amẹ́ríkà ń kéde pé òun ni alágbàwí òmìnira. Àmọ́ ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà, òfin kò gbà kí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jọ jókòó nínú ọkọ̀, kí wọ́n jọ jẹun, tàbí kí àwọn ọmọ wọn jọ kàwé. Lóòótọ́, ní ọdún 1954, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ pé ìyàsọ́tọ̀ ní ilé ìwé ìjọba lòdì sí òfin. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìdájọ́, ọ̀tọ̀ ni ìmúṣẹ. Àwọn ará Rọ́ṣíà kò sì jẹ́ kí etí ayé sinmi lórí ọ̀ràn náà.

Adam Clayton Powell, aṣòfin aláwọ̀ dúdú láti Harlem, gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n rán àwọn olórin jáàsì jáde. Ní oṣù Kẹta ọdún 1956, Dizzy Gillespie kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìránì, ó sì ti ibẹ̀ dé Pakísítànì, Síríà, Tọ́kì, Yugosláfíà àti Gíríìsì. Dúdú àti funfun ni ó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Melba Liston, tí ó ń fọn fèrè trombone. Ohun tí ìjọba fẹ́ kí ayé rí gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n Gillespie kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní ohun tí òun yóò sọ, ó sì ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé òun kò lọ láti báni wá àwáwí fún ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní Tọ́kì, ó rí àwọn ọmọ tálákà tí wọ́n tì mọ́ òde. Ó ní bí wọn kò bá jẹ́ kí wọ́n wọlé, òun kò ní fọn fèrè. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ Louis Armstrong tilẹ̀ jinlẹ̀ ju èyí lọ. New Orleans ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1901. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1956, ó dé Accra, èrò sì tú jáde láti pàdé rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ìpínlẹ̀ Louisiana ṣòfin pé dúdú àti funfun kò gbọdọ̀ jọ ṣeré pọ̀. Ọkùnrin tí Accra yẹ́ sí kò lè kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ wọ ìlú tí wọ́n ti bí i. Ó di ọdún 1965 kí ó tó tún ṣeré níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957, Gómìnà Orval Faubus kó ọmọ ogun ìpínlẹ̀ Arkansas dí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé kan ní Little Rock, kí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú 9 má baà wọlé. Àsìkò yìí ni ìjọba ń gbèrò láti rán Armstrong lọ sí Rọ́ṣíà. Ó sọ fún oníròyìn kan pé òun kò lọ mọ́: bí wọ́n bá bi òun léèrè ohun tí ó ṣe orílẹ̀-èdè òun, kí ni òun yóò sọ? Àwọn kan bínú sí i, àwọn dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀ kan náà sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, Ààrẹ Eisenhower rán ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lọ sí Little Rock láti dáàbò bo àwọn ọmọ náà. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ Armstrong nìkan ni ó fà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé àrokò ti fọhùn, ayé sì ti gbọ́.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn èyí tí ilé oúnjẹ kan ní ìpínlẹ̀ Delaware fi kọ̀ láti jẹ́ kí Komla Gbedemah, mínísítà ètò ìṣúná Gánà, jókòó mu omi ọsàn. Eisenhower ní láti pè é wá jẹun àárọ̀ lọ́dọ̀ òun kí ó fi tù ú lójú. Ẹni tí ó ń fi orin pe àlejò, tí kò sì ní àga tí àlejò yóò jókòó lé, irú ìpè wo ni ó ń pè?

Àwọn kan ní ẹ̀tàn pátápátá ni gbogbo ìrìnàjò náà. Wọ́n ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Nígbà tí Armstrong tún jáde ní ọdún 1960, tí ó dé Gánà, Nàìjíríà àti Kóńgò, àga ni wọ́n fi gbé e bí ọba ní Léopoldville. Ní ìlú yẹn kan náà, Patrice Lumumba wà ní àhámọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta sí i tí wọ́n fi pa á. Ní ọdún 1975, ìwádìí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn amí ilẹ̀ náà ti pète ikú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1961, Langston Hughes, Nina Simone àti Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ agbègbè Àgbádárìgì, wá ṣe àjọ̀dún ńlá ní pápá ìṣeré King George V ní Èkó. Ọdún 1967 ni àṣírí tú pé owó àwọn amí náà ni ó wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ tí ó ṣètò rẹ̀.

Síbẹ̀, n kò gbà pé ẹ̀tàn nìkan ni. Owó lè ti ọwọ́ amí wá, ṣùgbọ́n ìlù àti ohùn kì í ṣe ti amí. Àwọn ará Èkó rí ọmọ ìyá wọn tí òkun ti yà sọ́tọ̀, àwọn ọmọ ìyá náà sì rí ilé. Ìtìjú tí irú ọ̀ràn Gbedemah ń kó bá ìjọba Amẹ́ríkà lójú ayé wà lára ohun tí ó ti òfin ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1964 lẹ́yìn, èyí tí ó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ ní ilé oúnjẹ àti ilé ìtura. Àwọn tí wọ́n lù, tí wọ́n tì mọ́lé ní ìgboro Amẹ́ríkà ni wọ́n ja ìjà náà. Àwọn olórin kàn ṣe é tí ayé kò fi lè gbójú kúrò níbẹ̀ ni.

Kí á má baà máa fi ọwọ́ òsì júwe ilé ẹlòmíràn nìkan, ẹ jẹ́ kí á yẹ tiwa wò. Ní oṣù Kìíní àti Kejì ọdún 1977, Nàìjíríà gba àlejò gbogbo ènìyàn dúdú ní FESTAC. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ti yọwọ́ nínú ètò náà, ó sì ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba ológun létí àwọn àlejò. Àjọ̀dún parí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Ní ọjọ́ 18, àwọn sójà ya bo ilé Fẹlá, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìyá náà kú. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà kọ́ ni àwọn sójà wọ̀nyẹn. Dúdú ni wọ́n, dúdú ni ẹni tí wọ́n lù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Orílẹ̀-èdè tí ó bá ń fi olórin rẹ̀ yangàn lójú àlejò, ọjọ́ tí àlejò bá lọ tán ni kí á wo ohun tí yóò fi ojú olórin náà rí.