Ẹlẹ́rìí Méjì Lábẹ́ Òkun

Àwọn àgbà ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ènìyàn." Òwe ìgbẹ́jọ́ ni, ṣùgbọ́n ó bá iṣẹ́ àwọn tó ń wá epo rọ̀bì lábẹ́ òkun mu. Ọkọ̀ wọn a máa yin ìbọn afẹ́fẹ́ sínú omi. Ìró rẹ̀ a wọlẹ̀ lọ, a kọlu àpáta, a sì padà wá bá àwọn ẹ̀rọ agbóhùn inú okùn gígùn tí ọkọ̀ ń fà. Àmọ́ ìró náà kì í dúró níbẹ̀. Á gòkè kan ojú òkun, ojú òkun á dorí rẹ̀ kodò, á sì dá a padà sí ẹ̀rọ kan náà. Níbi tí ìró àti gbohùngbohùn rẹ̀ bá ti tako ara wọn, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 1,500 nínú omi ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí okùn bá jìn ní mítà 7.5, ìgbì tó ń gbọ̀n nígbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá ni yóò pòórá; bó bá jìn ní mítà 25, ti ìgbà 30 ni.

Okùn tó súnmọ́ òkè ń gbé àyè tó ń pòórá náà lọ sí ìró tó ń gbọ̀n kíákíá; ìdí nìyí tó fi pẹ́ tí wọ́n ń fa okùn nítòsí ojú omi. Ṣùgbọ́n ariwo ìgbì òkun pọ̀ níbẹ̀, gbohùngbohùn sì ń jẹ ìró tó ń gbọ̀n pẹ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ irú ìró yìí ló ń la iyọ̀ tó nípọn kọjá, bíi ti abẹ́ òkun Bràsíìlì. Ẹnìkan lè ní kọ̀ǹpútà yóò yọ gbohùngbohùn náà kúrò. Òótọ́ ni, dé àyè kan. Ohun tí ẹ̀rọ kò gbọ́ rárá, ìṣírò kò lè pè é padà. Ẹni tó bá fipá gbé ibẹ̀ sókè, ariwo ló gbé sókè.

Ẹlẹ́rìí kejì ló kù. Ní 2007, ilé iṣẹ́ PGS gbé okùn oníṣẹ́ méjì jáde. Ẹ̀rọ kan ń wọn agbára tí omi fi ń tẹ̀ ẹ́, kò sì mọ̀ bóyá òkè ni ìró ti wá tàbí ìsàlẹ̀. Èkejì ń wọn bí omi ṣe ń mì, ó sì mọ ọ̀nà. Níbi tí ọ̀kan bá ti dití, ibẹ̀ gan-an lèkejì ti ń gbọ́ ketekete. Ní 2010, ilé iṣẹ́ CGGVeritas gba ọ̀nà mìíràn: okùn wọn ń rì sí i bó ṣe ń jìnnà sí ọkọ̀, débi pé ìró tó pòórá níhìn-ín, wọ́n á gbọ́ ọ lọ́hùn-ún.

Àtakò tó lágbára ni pé ẹlẹ́rìí kejì kì í mọ́ délẹ̀: gbígbọ̀n okùn ń bo ìró tí kò tó nǹkan bí ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá mọ́ ọn lẹ́nu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ ti pé, torí pé okùn oníṣẹ́ méjì náà jìn; wọ́n sì ń fi tirẹ̀ ṣírò ti èkejì. Owó irú okùn bẹ́ẹ̀ kò kéré. Àmọ́ kànga kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ sófo nínú òkun jíjìn lè jẹ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Kí á kọ́kọ́ náwó lórí ohun tí a ó gbọ́, kó tó kan bí a ó ṣe tún un ṣe.