Láti Oko dé Ojú Ìjà: Ìtàn Kerambit, Ọ̀bẹ Àwọn Minangkabau

Ìfáàrà
Bí ìtàn àtẹnudẹ́nu bá fún ohun kan ní orírun méjì, ǹjẹ́ dandan ni kí a gba ọ̀kan kí a sì kọ èkejì? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí. Kerambit, ọ̀bẹ kékeré tí ó tẹ̀ bí dòjé, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn Minangkabau tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Sumatra, ní ilẹ̀ Indonéṣíà, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ti ọ̀dọ̀ wọn wá.

Orírun rẹ̀
Àwọn kan sọ pé ohun èlò oko ìrẹsì ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé èékánná ẹkùn ni àwọn baba ńlá wò kí wọ́n tó rọ ọ́. Lójú tiwa, àlàyé méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí irin náà ti wá. Èkejì ń sọ bí a ṣe ń fi í jà.

Ìrísí àti ìlò rẹ̀
Ìrísí rẹ̀ jẹ́rìí sí èyí. Òrùka wà ní ìdí èkù rẹ̀. Oníjà a ki ìka tí ó tẹ̀lé àtàǹpàkò bọ inú òrùka náà, a di èkù mú, ojú ọ̀bẹ a sì yọ jáde ní ìsàlẹ̀ ìkúùkù. Fífà ni a sábà máa ń fà á láti gé nǹkan, bí ẹni ń fi dòjé kórè. Òrùka yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀tá rí i já gbà. Nínú silek, ìjà ìbílẹ̀ Minangkabau, ẹ̀yà kan wà tí ń jẹ́ harimau, èyíinì ni ẹkùn; oníjà a lúgọ mọ́lẹ̀, a sì fi ọwọ́ ha ọ̀tá bí ẹranko náà. Àgbẹ̀ àti ẹkùn pàdé ní ọwọ́ kan ṣoṣo.

Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì
Ọ̀rọ̀ orírun kì í ṣe eré. Òfin pàjáwìrì kejìlá tí ìjọba Indonéṣíà ṣe ní 1951 ka gbígbé ohun ìjà olójú mímú kiri láìní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ èyí tí ó hàn gbangba pé ti oko, ti ilé, ti iṣẹ́ tàbí ohun ìní àjogúnbá ni sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a bá pe irin kan lè sọ ẹni tí ó mú un dání di arúfin tàbí àgbẹ̀. Ní 2019, UNESCO fi pencak silat ti Indonéṣíà àti silat ti Màléṣíà sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá ọmọ ènìyàn.

Àgbálọgbábọ̀
Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìrísí irin lè jẹ́rìí, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tí ń lò ó ni a ó ti gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ìtàn orírun méjì wá, kí olùkọ́ má yára fa igi lé ọ̀kan. Kí ó kọ́kọ́ bi í pé: ìbéèrè wo ni ìkọ̀ọ̀kan ń dáhùn?