Àfikún kì í ṣe àtúnsọ

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń pe ìwé aláwòrán èyíkéyìí tó bá jáde lára eré tẹlifíṣọ̀n ní àfikún. Kò rí bẹ́ẹ̀. À-, fi àti kún ló para pọ̀ di ọ̀rọ̀ náà: ohun tí a fi kún èyí tó ti wà nílẹ̀, ìbáà jẹ́ owó tàbí ìtàn. “Wọ́n ṣe àfikún sí owó oṣù wa.” Ìwé tó kàn tún ohun tí a ti wò rò fún wa, àtúnsọ ni. Ẹ wo ìwé aláwòrán Serenity: Those Left Behind, tí Dark Horse tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2005. Ìtàn rẹ̀ bọ́ sáàárín Firefly, eré tẹlifíṣọ̀n ti 2002 nípa ọkọ̀ gbalasa òfurufú, àti fíìmù Serenity tó tẹ̀ lé e. Àfikún gidi nìyẹn, ó sì yẹ Firefly, nítorí wọ́n dá eré náà dúró láìjẹ́ kó parí.