Odídẹrẹ́ àti Ìkóódẹ Rẹ̀ ní Èkó

Odídẹrẹ́, tí wọ́n tún ń pè ní ayékòótọ́, jẹ́ ẹyẹ aláwọ̀ eérú tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 33. Ojú rẹ̀ funfun, àgógó ẹnu rẹ̀ dúdú, ó sì tẹ̀ kọdọrọ. Ìrù rẹ̀ kúrú, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ihò igi gíga ló ń yé sí, ẹyin mẹ́ta sí márùn-ún. Oṣù kan ni ó fi ń sàba, ọmọ rẹ̀ a sì tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kó tó fò. Ẹyìn ọ̀pẹ ni ààyò oúnjẹ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, agbo wọn a máa pariwo lọ sí orí igi tí wọ́n jọ ń sùn.

Igbó ẹgàn ló ń gbé, kì í ṣe erékùṣù Èkó. Ìkóódẹ, ìyẹ́ ìrù pupa náà, ló dé Èkó. Òun ni wọ́n ń fi sí iwájú orí ìyàwó òrìṣà, ìyẹn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà fún. Ní Bìní, níbi tí oyè ọba Ìgá Ìdúngànrán, ààfin Èkó, ti ṣẹ̀, ẹni tó nípò ló ń fi í sórí. Ní ọjà Jàńkárà l'Ékòó, àwọn lẹ́kùlẹ́jà a máa ta ẹ̀yà ara ẹyẹ fún oògùn.

Ọ̀nà tí ìkóódẹ gbà dé òkè òkun ló yẹ kí a tẹnu mọ́ jù. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi ń ná Èkó sí Bahia ní Brazil. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil bọ̀, ń padà wálé sí àdúgbò Pópó Àgùdà l'Ékòó. Obì, orógbó, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òkè ń lọ sí Brazil. Nínú àwọn tó rin ọ̀nà yìí ni Martiniano Eliseu do Bonfim, tí wọ́n bí ní Bahia; ó dé Èkó ní 1875, ó sì di babaláwo. Odídẹrẹ́ kò sí nínú igbó Amẹ́ríkà. Gbogbo ìkóódẹ tó kọ́kọ́ kan iwájú orí ìyàwó ní Bahia, Áfíríkà ló ti sọdá. Ní 1966, òǹkọ̀wé Mestre Didi tẹ ìwé kan jáde ní Bahia lórí ìdí tí òrìṣà Òòṣàálá fi ń lo ìkóódẹ.

Ẹyẹ náà ti ń tán lọ báyìí. Gígé igbó àti mímú un tà fún àwọn tó ń sin ẹyẹ nílé ló fà á. Ní Gánà, èyí tó ṣẹ́ kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní 2016, ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ní Johannesburg fòfin de títa èyí tí wọ́n mú nínú igbó láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ìkóódẹ fúnra rẹ̀ kò béèrè ikú: bí odídẹrẹ́ bá ń pàrọ̀ ìyẹ́, ìyẹ́ ìrù a máa já bọ́, ẹni tó ń sìn ín a sì ṣà á.