Amọ̀nà àti Àlejò Lójú Omi: Ẹja Pípa fún Fàájì láti Odò Ogowe dé Ọ̀sà Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn bá ń kọ̀wé nípa ẹja pípa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ owó-orí ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́. Ẹja pípa fún fàájì kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé wọn. Ohun tí a ní lọ́kàn ni ìrìn-àjò tí àlejò ń rìn lọ sí odò tí kò mọ̀, tí ó sì ń háyà ọmọ onílẹ̀ kí ó tukọ̀ fún un, kí ó fi ibi tí ẹja wà hàn án, kí ó sì gbé e padà sí èbúté láyọ̀. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú àpérò yìí ni pé kì í ṣe ọ̀pá ìwọ̀ ni ó ń sọ ẹnì kan di apẹja tí ó sì ń sọ ẹnì kejì di atukọ̀ lásán. Ẹni tí àṣẹ odò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń pín ipò náà fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Ní ọdún 1895, Mary Kingsley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba odò Ogowe lọ sókè ní Gabon. Kì í ṣe fàájì ni ó bá lọ ní tààrà. Ẹja ni ó ń kó jọ fún British Museum ní London. Síbẹ̀, ètò ìrìn-àjò náà kò yàtọ̀ sí èyí tí à ń wí: ọkọ̀ ọmọ onílẹ̀, apá ọmọ onílẹ̀, ìmọ̀ ọmọ onílẹ̀. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1897, ó fún àwọn ará Ajumba tí ó tukọ̀ fún un ní orúkọ ìnagijẹ: ọ̀kan ń jẹ́ Ẹlẹ́wù-Eérú, èkejì Ẹlẹ́síńgílẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kẹta Adákẹ́, ẹ̀kẹrin Kèfèrí. A kò gbọdọ̀ fi èyí sọ pé ó kó ìyàn wọn kéré, nítorí ìyìn tí ó yìn wọ́n pọ̀, ó sì dárúkọ àwọn Fang bí Kiva àti Wiki. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹja dé London, ẹ̀yà mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ fi orúkọ Kingsley pè, *Ctenopoma kingsleyae* sì wà lára wọn. Kò sí ẹja tí ń jẹ́ orúkọ ẹni tí ó mọ ibi tí wọ́n ti í rí i.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí Ogowe láìsí òfin ni òfin wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn náà. Tarpon jẹ́ ẹja ńlá inú òkun tí ó máa ń wọ ẹnu odò àti ọ̀sà láti Senegal títí dé Angola, àwọn apẹja fàájì sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá nítorí rẹ̀. Ní 2003 ni wọ́n mú ọ̀kan tí ó tó nǹkan bí 130 kílò ní Rubane, ní Guinea-Bissau. Nínú àtẹ tí ẹgbẹ́ àgbáyé wọn, IGFA, ń tẹ̀ jáde, orúkọ ẹni tí ó di ọ̀pá mú, ìwọ̀n ẹja, ibi àti ọjọ́ ni a ń rí. Òfin wọn sì sọ pé bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kan ọ̀pá nígbà tí ẹja ń jà, ẹja náà kò ní ẹ̀tọ́ sí àkọsílẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà yé wa, àmọ́ ẹ wo ohun tí ó ń bí: amọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ó ṣáájú ẹja, kí ó sì di ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹja bá gbé ìwọ̀ mì. Àjòjì lójú, kò fi í ríran, bẹ́ẹ̀ ojú ẹni tí ó fi ríran kò sí nínú ìwé.

Ní Argungu, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kebbi lónìí, nǹkan dorí kodò. Ọdún 1934 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọdún ẹja náà ní ìrísí tí a mọ̀ ọ́n sí, nígbà tí Sultan Hassan dan Mu'azu wá láti Sókótó kí àwọn ará Kebbi, tí wọ́n ti bá Sókótó ṣọ̀tá fún ìgbà pípẹ́. Níbẹ̀, àlejò ni ó ń jókòó sí bèbè odò. Onílé ni ó ń bọ́ sínú omi pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè, fún nǹkan bí wákàtí kan péré. Ẹja tí gbogbo wọn ń lé ni *giwan ruwa*, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ erin omi. Ìdíje ni, fàájì sì ni, a kò sì lè fi ojú kéré wò ó: èyí tí ó gba ipò kìn-ín-ní ní 2005 wọn kílò 75. Ohun tí ó jẹ wá lógún jù ni ìdílé Sarkin Ruwa, tí ń bójú tó omi àti ẹja pípa inú rẹ̀. Odò náà ní olùṣọ́ kí ó tó ní àlejò. Ìdí nìyí tí àlejò fi mọ ibi tí ó yẹ kí ó jókòó sí. Nígbà tí UNESCO kọ ọdún náà sínú ìwé ní 2016, ètò ìdílé olùṣọ́ omi yìí wà lára ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé ọdún náà gan-an kò wáyé láti 2010 títí di 2020 nítorí àìsí ààbò.

Nísinsìnyí, a dé ọ̀dọ̀ ara wa. Ọ̀sà tí ó ti èbúté Èkó gba ẹ̀yìn Apapa, Kírìkírì àti Festac Town lọ sí Ọ̀jọ́, Àgbádárìgì àti Porto-Novo kì í ṣe odò ijù, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún àlejò. Ní ìgbà òjò, omi odò a lé iyọ̀ jáde. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a tún wọlé padà, ẹja a sì yípadà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn Àwórì, Ẹ̀gùn, Ìlàjẹ àti àwọn tí ó ti Keta wá ni wọ́n mọ ìṣirò yìí. Ìtàn àwọn Àwórì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú amọ̀nà ojú omi: awo tí Ọlọ́fin tẹ̀lé láti Ifẹ̀ títí ó fi rì ní Ìṣẹ̀rì. A kò gba ìtàn náà bí àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti oṣù. Ohun tí a rí dì mú nínú rẹ̀ ni irú ènìyàn tí àwọn tí ń pa á ka ara wọn sí.

Ọdún 1977 ni ọ̀ràn náà yí padà gidigidi. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ni wọ́n ṣe FESTAC, tí nǹkan bí 17,000 akópa wá sí, ìjọba àpapọ̀ sì kọ́ Festac Town sórí ilẹ̀ Àwórì láti fi wọ̀ wọ́n sí. Àṣehàn ọkọ̀ ojú omi wà nínú ètò náà ní Èkó. Ẹni tí ó bá wò ó lóréfèé yóò sọ pé Argungu náà nìyẹn: onílé lórí omi, àlejò ní bèbè. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọba ni ó mú ọjọ́, òun ni ó mú ọ̀nà, òun náà ni ó yan ẹni tí yóò tukọ̀. Apẹja kò ṣe olùgbàlejò níbẹ̀ rárá. Ara ohun tí a gbé síwájú àlejò ni òun náà.

Lẹ́yìn èyí, ìyípadà kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island ní oṣù kẹwàá ọdún 1977 kan náà, àwọn ọkọ̀ ńláńlá sì gba ẹnu ọ̀sà. Òfin Lílo Ilẹ̀ dé ní 1978. Ní 1984, koríko tí ń léfòó lójú omi, *Eichhornia crassipes*, ti ìhà Porto-Novo wọ ọ̀sà náà, ó dí ọ̀nà ọkọ̀, ó sì fa àwọ̀n ya. Lójú tiwa, koríko yìí fi ohun kan hàn tí ìwé ìjọba kò fi hàn: nígbà tí ojú omi bò, ẹni tí ó mọ ibi tí ọ̀nà wà lábẹ́ koríko nìkan ni ó lè kọjá. Àwọn tí ń gba ojú omi lọ ṣe fàájì ní etíkun Ìláṣẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kò lè ṣe láìsí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Owó ọkọ̀ ni wọ́n ń san. Ìmọ̀ bá ọkọ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ta wá ni olùṣọ́ omi yìí? Òfin 1997 dá àjọ NIWA sílẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó dá LASWA tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2008. Ìjà wọn dé ilé ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá ìpínlẹ̀ láre ní 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì yí i padà fún ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Ohun tí wọ́n ní kí àwọn adájọ́ bá wọn yanjú ni ẹni tí yóò máa fúnni ní ìwé àṣẹ tí yóò sì máa gba owó rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ibi tí ẹja ń sùn ní ẹ̀ẹ̀rùn kò sí lára ìbéèrè náà.