Rélùwéè, Òpópónà Márosẹ̀ àti Ìlú Tí Wọ́n Sọ Di Ńlá

Bí a bá dárúkọ ẹ̀rọ tí ó yí ayé padà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọkàn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàrin Liverpool àti Manchester ní 1830. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kan Ifọ̀ àti Mowe.

Kí rélùwéè tó dé, orí ni àwọn aláàárù fi ń ru ẹrù láti òkè wá sí Èkó, ọkọ̀ ojú omi a sì máa gba Odò Ògùn. Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó. Ó gba Agége àti Ifọ̀ kọjá sí Abẹ́òkúta. Ní 1901 wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ìrìn ọjọ́ mélòó kan di ti wákàtí. Nígbà tí yóò fi di 1912, ọkọ̀ láti Èkó ti ń dé Kánò, obì sì rí ọ̀nà dé ọjà òkè Ọya. Nígbà tí wọ́n ya ẹ̀ka sí ìhà Ìlaròó, Ifọ̀ di oríta rélùwéè.

Èdè wa náà kò gbẹ́yìn: a yá “rélùwéè” lò, a sì fi ọ̀rọ̀ tiwa ṣẹ̀dá “ọkọ̀ ojú irin”.

Mowe àti Ibàfò kò sí lójú irin yẹn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó gbé wọn dìde, lẹ́yìn tí wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978. Ilẹ̀ oko di ilé àwọn tí ń jí lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe béèrè ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ nìkan. Ẹ béèrè ibi tí ó gbà kọjá, àti ibi tí kò gbà.