Ìwé àti Àrọ́bá: Òfin Ilẹ̀ ní Orílẹ̀-èdè Mẹ́ta

Àwọn àgbà wa a máa wí pé bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé iwájú adájọ́, òwe yìí a di ìbéèrè: ẹlẹ́rìí wo ni òfin yóò gbà gbọ́, ìwé ni tàbí ẹnu àgbà? Orílẹ̀-èdè mẹ́ta dáhùn ní ọ̀nà mẹ́ta.

Ní Nàìjíríà, ìjọba ológun gbé òfin ilẹ̀ jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú. Àgbẹ̀ tí ó ti ń dáko lórí ilẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ lè máa lò ó lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ìlò ni ó ní. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ ìlú, ohun tí ó gbìn àti ilé tí ó kọ́ ni a ó san owó gbà-má-bínú lé lórí.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, Faransé ni ó kọ́kọ́ mú ètò ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ wá. Àṣẹ kan jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1932. Òfin 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2013, tí a tún ṣe ní ọdún 2017, gbà kí ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó ni ín. Ó ka ilẹ̀ tí a ní nípa àṣà sí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n titre foncier ni ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jùlọ.

Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ọdún 1913 fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wó, òfin ọdún 1994 fún àwọn tí a lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn láti ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1913 láàyè láti bèèrè fún un padà. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Nítorí náà òfin gba ilé ẹjọ́ láyè láti gbọ́ ohun tí àwọn àgbà gbọ́ lẹ́nu àwọn baba wọn. Síbẹ̀, òpin ọdún 1998 ni òfin náà fi ṣe gbèdéke fún fífi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé àrọ́bá lè gba ilẹ̀ padà, bí a bá rí ẹni tí yóò sọ ọ́ ní àkókò. Ní kíláàsì mi, nígbà tí mo bèèrè ẹni tí ó mọ ibi tí pèrègún ààlà oko bàbá àgbà rẹ̀ wà, ọwọ́ díẹ̀ ni ó lọ sókè. Bí àwọn àgbà wọ̀nyẹn bá lọ, ta ni yóò jẹ́rìí?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, lójú gbogbo ẹbí àti lójú àwọn tí a jọ pààlà. Kí a má sì ṣe fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sórí ogún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìwé tí ó gbàgbé àwọn obìnrin ilé àti àwọn àbúrò ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ lé wọn.